Ẹsẹ̀ Alùpùpù Lára Kẹ̀kẹ́

Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn wa, tí ìwé ìjọba Benin ń kọ ní Ifangni. Lójò, ọkọ̀ á gbẹ́ ipa sí i. Lẹ́ẹ̀rùn, ipa yẹn á gan bí òkúta. Ọ̀nà yìí ni kẹ̀kẹ́ ológeere ń gbà bọ̀ láti Ìgòló, lẹ́bàá ibodè Ìdìròkò, tòun ti kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tí à ń pè ní kpayo. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rin ń lọ sí kílò 75. Ẹ̀yìn ló ru ẹrù o, ṣùgbọ́n táyà iwájú ló ń kọ́kọ́ já sí kòtò, fọ́ọ̀kì ló sì máa ń dá.

Láti 1888 tí Dunlop ti ṣe táyà tó ń gba afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ yẹn àti sípíríǹgì abẹ́ ìjókòó nìkan ló ń gba ara ẹni tó gun irú kẹ̀kẹ́ tiwa sílẹ̀. Alùpùpù ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Motobécane bẹ̀rẹ̀ sí ṣe Mobylette nílẹ̀ Faransé ní 1949. Àwọn tó dé lẹ́yìn ní ẹsẹ̀ onísípíríǹgì. Ẹ́ńjìnnì á kú, ẹsẹ̀ á ṣẹ́kù.

Ní January 1994, wọ́n gé owó CFA sí ìdajì: fáránkì Faransé kan tó jẹ́ 50 di 100. Zémidjan, alùpùpù akérò, ti gba èrò lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ nígbà náà, ẹrù ló kù fún un. Fọ́ọ̀kì tuntun wọ́n. Ọ̀gá mi, tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ní ká lọ sídìí irin àlòkù.

Ẹsẹ̀ Mobylette méjì ló mú bọ̀. Ó fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n, ó wá fi èékánná fa ọ̀pá inú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí èékánná bá há sí, ibẹ̀ ni yóò ti ya rọ́bà. Ó gé ọrùn fọ́ọ̀kì Raleigh tó ti dá, ó jó o mọ́ orí ẹsẹ̀ náà. Kẹ̀kẹ́ ga ju Mobylette lọ, nítorí náà ó fi páípù kún ẹsẹ̀ lókè. Ìjánu iwájú ló dùn ún jù: ọ̀pá irin ló ń fà á, bí sípíríǹgì bá sì ti rì, rọ́bà ìjánu á ṣìnà. Ó tú u dànù, ó fi tẹ̀yìn sílẹ̀.

Èyí tí èmi kọ́kọ́ jó, mo jó ẹ̀gbẹ́ kan tán kí n tó yí i. Iná fà á, táyà sì fì sósì. Ọ̀gá gé e, ó ní kí n kọ́kọ́ fi iná kàn án ní ojú mẹ́rin.

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ nípa Paul Turner ní Amẹ́ríkà, tó ti ṣiṣẹ́ alùpùpù rí, tó gbé RockShox, fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ tó ń rì, jáde ní 1989. Inú mi dùn gan-an. Ọ̀nà kan náà ni òun àti ọ̀gá mi gbà dé ibẹ̀.

Ọ̀kan ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo tẹ̀ ẹ́ lánàá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, ó padà. Tòsì há díẹ̀, gíríìsì ló ń fẹ́.