Ọba tí a Rọ̀ Lóyè Lórí Rédíò

“Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá,” ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ bí ó ti yẹ kí ìgbà ọba kan parí. Ìbéèrè yìí ni Shakespeare gbé ka iwájú ènìyàn nínú eré Richard Kejì, tí ó kọ ní nǹkan bí ọdún 1595, nígbà ayé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní.

Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé eré pa ní ìlú New York, àwọn òṣèré Public Theater gbé eré náà lọ sórí rédíò WNYC fún alẹ́ mẹ́rin, láti ọjọ́ 13 dé ọjọ́ 16 oṣù Keje. Saheem Ali, ọmọ ilẹ̀ Kẹ́ńyà, ni olùdarí. André Holland, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, ni ó ṣe ọba. Obìnrin kan, Miriam Hyman, ni ó sì ṣe Bolingbroke tí ó gba adé. Lórí rédíò, ojú kò rí adé, kò rí ìtẹ́. Ohùn nìkan ni etí ń gbọ́. Nígbà náà ni ó hàn gbangba pé ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn ni í fi ọba jẹ, òun náà ni í sì í rọ̀ ọ́ lóyè.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1399 ni wọ́n rọ Richard lóyè. Àwọn ìjòyè péjọ ní Westminster, wọ́n fọwọ́ sí i; ṣùgbọ́n ọmọ ogun Bolingbroke ti ṣe iṣẹ́ náà tán. Ní ọdún 1461, wọ́n fi ipá gba adé yẹn kan náà lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, Henry Kẹfà.

Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ìlànà wà. Bí Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ Aláàfin, igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹ ni wọn a fi ránṣẹ́ sí i, ọba a sì lọ sùn. Nígbà tí Baṣọ̀run Gáà sọ ìlànà yìí di ohun ìfẹ́ inú ara rẹ̀, òun náà ṣubú ní ọdún 1774.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ nìyí. Ní Ouaga 2000, àdúgbò kan ní Ouagadougou, ni wọ́n kọ́ ààfin ààrẹ Burkina Faso tí à ń pè ní Kosyam sí. Ní ọdún 2014, ìlú dìde, Blaise Compaoré sì fi ipò sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 27. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún 2022, Damiba fi ipá gba ìjọba lọ́wọ́ Kaboré, ẹni tí ìlú dìbò yàn. Oṣù mẹ́jọ àti ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ tí a rọ Richard lóyè gan-an, Ibrahim Traoré gbà á lọ́wọ́ òun náà.

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí mo bá ń bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò, mo ń gbọ́ tí àwọn ọmọ ń ka orúkọ ọba àti ọdún bí ẹni ń ka ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa béèrè pé: ta ni ó ní àṣẹ láti rọ̀ ọ́ lóyè, kí ni ó sì dé bá ẹni tí ó gba ipò rẹ̀? Bí wọn kò bá kọ́ ìyẹn ní kíláàsì, ojú ayé ni yóò kọ́ wọn. Ẹni tí ó da eérú ni eérú í tọ̀.