Láti Inú Kòtò Kùsà: Bí Wọ́n Ṣe Ń Wá Ìtàn ní Jos

Inú kòtò kùsà ni ìwádìí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ ní Jos, kì í ṣe nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Tánńganran ló gbé àwọn Òyìnbó gun orí òkè Plateau, níbi tí Jos wà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Kuza ni àwọn Haúsá ń pe tánńganran, ọ̀rọ̀ tí kò jìnnà sí kùsà tí Yorùbá fi ń pe iṣẹ́ ìwalẹ̀ títí dòní. Bí àwọn lébìrà ṣe ń wa ilẹ̀ ni wọ́n ń hú ohun tí kì í ṣe tánńganran jáde. Ní 1928, ní Nok, abúlé kan níhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn Jos, wọ́n hú orí ọ̀bọ kékeré kan tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí wọ́n sì sun níná. Wọ́n gbé e wá sí Jos, wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó kùsà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì rọlẹ̀.

Ọdún 1943 ló tó tún sọjí. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, Japan ti gba Malaya mọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, wọ́n sì ń wá tánńganran Jos lójú méjèèjì débi pé túláàsì ni wọ́n fi ń kó àwọn àgbẹ̀ Òkè Ọya wá sí kùsà. Lágbègbè Jema'a, akọ̀wé kan níbi kùsà rí orí ère kan, ó gbé e kọ́ igi láàárín oko iṣu rẹ̀ kó máa lé ẹyẹ. Nǹkan bí ọdún kan ni ère tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún fi ṣọ́ iṣu, kó tó dé ọwọ́ Bernard Fagg, ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti kọ́ nípa ìwádìí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Cambridge. Fagg gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọ̀bọ ọjọ́sí, ó sì rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn kan náà ni. Láti ìgbà náà ló ti ń bẹ àwọn oníkùsà pé kí wọ́n má da àfọ́kù ère nù mọ́.

Ohun tó rí kó jọ wà lára ohun tí wọ́n fi ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos ní 1952. Ilé náà fi nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú yunifásítì ìlú ọ̀hún. Ní 1963, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNESCO, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti ilẹ̀ Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àti èyí tó ń sọ Faransé ti jọ kọ́ṣẹ́. Àwọn olè pàápàá mọ iyì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà: ní oṣù kìn-ín-ní 1987, wọ́n jí ohun iyebíye mẹ́sàn-án gbé níbẹ̀.

Ìbàdàn ló bí Yunifásítì Jos. Ní oṣù kọkànlá 1971, Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka sílẹ̀ níbẹ̀, òpìtàn ni wọ́n sì fi ṣe olórí rẹ̀: Emmanuel Ayándélé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Jos kì í ṣe ìdálẹ̀ fún ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn oníṣòwò ìlú náà ti ń ná ọjà ibẹ̀ tipẹ́. Ní oṣù kẹwàá 1975, ìjọba ológun sọ ẹ̀ka náà di yunifásítì tó dá dúró, Gilbert Onuaguluchi sì di gíwá àkọ́kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ 575 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1976.

Ìlànà Ìbàdàn bá wọn dé Jos. Àwọn òpìtàn bíi Kenneth Dike àti Sàbúrì Bíòbákú ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà lè jẹ́ ẹ̀rí ìtàn bíi ti ìwé. Àmọ́ orí òkè Plateau kò rí bí ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ọ̀yọ́, arọ́kin wà láàfin tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ro ìtàn àwọn Aláàfin. Bó tilẹ̀ ń pọ́n ọba rẹ̀, ìtàn náà wà lẹ́sẹẹsẹ. Láàárín àwọn Berom, Ngas, Mwaghavul, Tarok àti àwọn ẹ̀yà tó yí wọn ká, ọ̀pọ̀ ibùdó ni kò ní ọba ńlá, tí kò sì sí arọ́kin. Ọwọ́ àgbà ìdílé ni ìtàn wà, àti ọwọ́ àwọn àwòrò tó mọ ìdí ọdún ìbílẹ̀. Ìdílé kan sì lè ro tirẹ̀ lọ́nà tí aládùúgbò rẹ̀ kò ní gbà. Ti kíkọ sílẹ̀, díẹ̀ ló ju ohun tí ajẹ́lẹ̀ àti míṣọ́nnárì kọ, ojú tiwọn ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Olùwádìí kò rí ibì kan jókòó sí. Ó ní láti máa ti abúlé bọ́ sí abúlé, kó máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnìkan yẹ ti ẹlòmíràn wò. Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ìtàn Yunifásítì Jos, níbi tí Elizabeth Isichei, òpìtàn ọmọ New Zealand, ti ń kọ́ni, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní 1981: ti Mwaghavul, Ngas, Mupun àti Njak ló ṣáájú. Lọ́dún kejì, Isichei ṣe olótùú ìwé kan lórí ìtàn Ìpínlẹ̀ Plateau.

Ìlú Jos fúnra rẹ̀ tún jẹ́ ìbéèrè mìíràn. Leonard Plotnicov ti kọ ìwé lórí àwọn àlejò inú rẹ̀ ní 1967. Bill Freund kọ ti àwọn lébìrà kùsà ní 1981. Nígbà tí ìjà bẹ́ láàárín àwọn tó ń pe ara wọn ní ọmọ onílẹ̀ àti àwọn tí wọ́n ń pè ní àtọ̀húnrìnwá, ìtàn kúrò ní ọ̀rọ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí Fiberesima lẹ́yìn ìjà 1994, àti ti Niki Tobi lẹ́yìn ìjà oṣù kẹsàn-án 2001, ìtàn ni ìhà kọ̀ọ̀kan gbé wá bí ẹ̀rí: ta ló tẹ ìlú dó, ta ló kọ́kọ́ jẹ olórí rẹ̀. Ohun tí àgbà sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní abúlé lè di ohun tí lọ́yà ń kà sókè.

Lẹ́yìn náà ni ìwé méjì jáde láti ọwọ́ àwọn òpìtàn Yunifásítì Jos: ti Sati Fwatshak lórí àwọn oníṣòwò ìlú náà ní 2011, àti ti Monday Mangvwat, tó ti jẹ gíwá rí, lórí bí olówó àti mẹ̀kúnnù ṣe yà sọ́tọ̀ ní Plateau ayé amúnisìn, ní 2013. Ọdún 1902 ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn wọn, ọdún tí ilé-iṣẹ́ Niger Company rán èèyàn wá wo tánńganran.