Omi Ṣúgà Lẹ́nu Ìkókó: Àṣà Ta Ni?

Àwọn àgbà a máa sọ pé omi kò lọ́tàá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n mo ti wà níbi tí ife omi kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìyá àti ọmọ. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Bárígà ni. A ti sọ ọmọ lórúkọ tán, a ti fi oyin, iyọ̀ àti ìrèké ṣe ìwúre, àwọn àlejò sì ti ń jẹun. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìyá àgbà, ìyá tí ó bí ìyá ọmọ náà, gbé ife omi kan tí ó ti po ṣúgà sí, ó fẹ́ fi ṣíbí bù ú sí ọmọ lẹ́nu. Ìyá ọmọ rọra gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ̀mí. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ fún un ní nǹkan mìíràn àfi ọmú." Ìyá àgbà dáhùn pé, "Ta ni wọ́n? Omi ṣúgà tí mo fi tọ́ ìwọ náà nìyí. Àṣà wa ni. Ṣé o kú ni?"

Gbogbo ilé dákẹ́. Nítorí pé olùkọ́ èdè àti àṣà Yorùbá ni mí, ojú yí sí ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ní kí n dá ẹjọ́ náà. N kò rí i dá lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ ìyá àgbà, mo sì ti ń rò wọ́n láti ìgbà náà: ṣé àṣà wa ni omi ṣúgà lóòótọ́? Ṣé ó sì ń ṣe ọmọ ní àǹfààní?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ṣúgà kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá; ọwọ́ Òyìnbó ni a ti yá a, bí a ti yá búrẹ́dì àti tíì. Nǹkan tí a bá yá orúkọ rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé a yá nǹkan náà pẹ̀lú. Adùn tí àwọn baba ńlá wa mọ̀ ni ti oyin, ti ìrèké àti ti èso igi. Wọ́n ń fi wọ́n ṣe ìwúre níbi ìkómọjáde, wọn a sì fi bíńtín kan ọmọ lẹ́nu kí ayé rẹ̀ lè dùn. Ìfikanlẹ́nu ọjọ́ kan ṣoṣo ni èyí, kì í ṣe oúnjẹ. Ohun tí wọ́n ń fún ìkókó ni ọmú, omi àti àgbo; bí ó bá dàgbà díẹ̀, wọn a máa fi ọwọ́ rọ ẹ̀kọ fún un. Ọmú náà kì í tètè kúrò lẹ́nu ọmọ. Ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó fi ń mu ún.

N kò sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ni ó dára. Omi tí kò mọ́, tí wọ́n fi ń ṣe àgbo, ti rán ọ̀pọ̀ ìkókó lọ sí ọ̀run. Oyin pàápàá, àwọn oníṣègùn òde òní kìlọ̀ pé kí a má fi sí ẹnu ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan, nítorí kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú rẹ̀ tí ń sọ iṣan ọmọ di aláìlágbára. Ohun tí mo ń sọ ni pé n kò rí omi ṣúgà nínú ẹrù tí àwọn ìyá àgbà àtijọ́ dì sílẹ̀ fún wa. Níbo wá ni ó ti wá?

Ilé ìwòsàn ni ó ti wá. Fún ọdún pípẹ́ ní ọ̀rúndún ogún, ó jẹ́ ìlànà ní ọ̀pọ̀ ilé ìgbẹ̀bí káàkiri ayé, títí kan ti ilẹ̀ wa, pé kí wọ́n gbé ìkókó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní omi gúlúkóòsì kí ọmú tó kún. Èrò wọn ni pé ọmú kì í sábà kún títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, wọ́n sì ń bẹ̀rù kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ má baà lọ sílẹ̀ jù. Omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tí ó máa ń pọ́n rúsúrúsú, ni wọn kò kà sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó ń jáde náà ni ó bá ọmọ ọjọ́ kan mu, nítorí pé kò lè mu ju bíi ṣíbí tíì kan tàbí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó sì kún fún èròjà tí ń bá àrùn jà.

Àwọn oníṣègùn kan tètè kíyè sí ewu tí ó wà nínú kí a máa fi adùn rọ́pò ọmú. Cicely Williams, dókítà obìnrin tí ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, ni ó fi orúkọ àrùn kwashiorkor han ayé ní àwọn ọdún 1930. Ní 1939, ní Singapore, ó sọ̀rọ̀ kan tí àkọlé rẹ̀ túmọ̀ sí "Wàrà àti Ìpànìyàn", níbi tí ó ti bẹnu àtẹ́ lu àwọn tí ń ta wàrà agolo oníṣúgà fún àwọn abiyamọ. Nílẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, David Morley dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní 1956, ó sì dá ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Káàdì tí ó fi ń kíyè sí ìdàgbà àwọn ọmọ ibẹ̀ padà di ohun tí wọ́n ń lò káàkiri ayé.

Ṣùgbọ́n Ìmẹ̀sí-Ilé jìnnà sí Bárígà. Bí Èkó ti ń kún sí i lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ènìyàn ń ya wọ Ṣómólú àti Bárígà láti Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ìlàjẹ, ilẹ̀ Ígbò àti ibi gbogbo. Ilé olójúkojú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé, yàrá ń wo yàrá. Kànga kò jìn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò sì jìnnà sí kànga. Ẹni tí kò ní kànga a ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà. Ìyá tí ń tajà kò lè pẹ́ nílé lẹ́yìn ìbímọ, nítorí pé ọjọ́ tí kò bá lọ sí ọjà, kò sí owó oúnjẹ lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà.

Ní 1986, nígbà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ìyá mi bí àbíkẹ́yìn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan. Kí ó tó gbé ọmọ náà sí ọmú, wọ́n ti fi fídà omi gúlúkóòsì sí i lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, wọ́n ní kí ó máa fún un bẹ́ẹ̀ nílé. Ọdún tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í wó lulẹ̀ ni ọdún náà. Apá wa kò ká gúlúkóòsì. Ìyá mi ṣe ohun tí gbogbo abiyamọ ilé wa ń ṣe: ó fi ṣúgà rọ́pò rẹ̀. Èmi ni ó ń rán lọ rà á, èmi náà ni mo sì ń pò ó nígbà tí ó bá wà lọ́jà. A ń se omi kànga náà bí kẹrosíìnì bá wà. Bí kò bá sí, a kì í sè é.

Ọmọ náà ń mu ún, ó sì ń sùn. Ẹni tí ó bá wò ó yóò rò pé ó yó. Kò yó; adùn ni ó tàn án jẹ. Kò sí èròjà tí ń mú ọmọ dàgbà nínú omi ṣúgà, ṣùgbọ́n ó ń gba àyè ọmú nínú ikùn. Ọmú sì dà bí kànga tí a ń fà: bí a bá ti ń fà á ni ó ń sun. Bí ọmọ kò bá mu ún tó, ó ń gbẹ, ìyá yóò sì ní òun kò lómi ọmú, yóò tún fi ṣúgà kún un.

Ní oṣù kẹta, ìgbẹ́ gbuuru mú àbúrò mi. Ní ọjọ́ kejì, àwùjẹ̀ rẹ̀ ti rì, ojú rẹ̀ ti wọnú, ó ń ké láìsí omijé. Ní ibùdó ìlera tí a gbé e lọ, nọ́ọ̀sì kan bá ìyá mi wí pé fídà omi ṣúgà ni ó fa àìsàn náà. Lẹ́yìn náà ó mú omi, ó po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ ọn, ó ní kí ó máa fi ṣíbí bù ú fún ọmọ díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi wò ó títí. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣúgà tí ẹ ní ó pa á lára, ṣé òun náà ni ẹ tún ń fún un yìí?" Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lẹ́yìn wa, nọ́ọ̀sì kò ráyè dá a lóhùn. Àbúrò mi yè é. Ọmọ kan ní yàrá tí ó kọjú sí tiwa, tí àìsàn kan náà mú ní oṣù náà, kò yè é.

Ìdáhùn tí ìyá mi kò rí gbà nìyí. Nínú ìfun, iyọ̀ àti ṣúgà a máa di ara wọn lọ́wọ́ mú wọ inú ẹ̀jẹ̀, omi a sì tẹ̀ lé wọn. Ọ̀nà yìí kì í sábà dí, bí ìgbẹ́ gbuuru tilẹ̀ ń ṣe ọmọ. Àwọn oníṣègùn lo ìmọ̀ yìí fún àwọn alárùn onígbáméjì ní Dhaka ní 1968. Ní 1971, nígbà ogun Bangladesh, Dilip Mahalanabis lò ó ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Bangaon, ní Íńdíà. Níbi tí nǹkan bí 30 nínú 100 aláìsàn ti ń kú, àwọn tí ń kú kò tó 5 mọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni agbára oògùn náà wà. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù tí iyọ̀ kò sì sí, ṣúgà tí ó kù nínú ìfun a máa fa omi ara jáde, ìgbẹ́ náà a sì pọ̀ sí i. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ó lè fa gìrì, ó sì lè pa ọmọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé ní Yunifásítì Èkó, tí ó di mínísítà ètò ìlera ní 1985, ni ó gbé omi oníyọ̀ àti ṣúgà yìí dé ilé tálákà. Ìgo bíà ńlá kan tàbí ìgo ẹlẹ́rìndòdò méjì ni wọ́n fi kọ́ àwọn ìyá láti wọn omi, nítorí pé kò sí ilé tí a kò ti lè rí wọn. Iṣẹ́ ńlá ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n ṣíbí ilé kan kì í bá ti èkejì dọ́gba, etí a sì máa gbọ́ ohun tí ó bá wù ú: àwọn mìíràn gbọ́ ṣúgà, wọn kò gbọ́ iyọ̀. Omi ṣúgà tí ilé ìwòsàn kọ́kọ́ fi fún ìkókó tún wá gba orúkọ oògùn.

Ní àkókò kan náà, ìmọ̀ ń yí padà. Ní 1981, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lórí òfin tí yóò ká àwọn tí ń polówó wàrà ọmọdé lọ́wọ́ kò. Ní 1989, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gbé ìlànà mẹ́wàá jáde fún ilé ìgbẹ̀bí. Ìkẹfà nínú wọn sọ pé kí a má fún ìkókó ní ohunkóhun lẹ́yìn ọmú, àfi bí ìdí ìṣègùn bá wà. Ìjọba Nàìjíríà ṣe Òfin 41 ti ọdún 1990 lórí títa ohun tí a fi ń rọ́pò ọmú. Ní 2001, Àpéjọ Ìlera Àgbáyé fìdí oṣù mẹ́fà múlẹ̀ fún ọmú nìkan. Ẹnu àwọn nọ́ọ̀sì yí padà. Síbẹ̀, nínú ìwádìí ìjọba ti ọdún 2013, ọmọ 17 péré nínú 100 tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà ni ó ń mu ọmú nìkan. Ní 2018, wọ́n di 29.

Ẹjọ́ tí n kò rí dá ní Bárígà wá nìyí. Omi ṣúgà kò ṣe ọmọ tí ara rẹ̀ le ní àǹfààní kankan, ó sì léwu. Nǹkan bí ìdá 88 nínú 100 omi ọmú ni ó jẹ́ omi, nítorí náà ooru Èkó kò sọ omi mìíràn di dandan. Àwọn ibi tí ṣúgà ti wúlò kò pọ̀. Bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ìkókó bá lọ sílẹ̀, àwọn oníṣègùn lè fún un ní gúlúkóòsì. Àwọn ará New Zealand tẹ ìwádìí jáde ní 2013 pé kí a fi gúlúkóòsì kíki pa á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́, ẹ̀kán díẹ̀ omi ṣúgà lè dín ìrora kù. Bí ó bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, kí a máa fún un lọ́mú lọ, kí a po ORS inú ọ̀rá bí wọ́n ti kọ ọ́ sí i lára, kí a fi oògùn zinc kún un, kí a sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọwọ́ onímọ̀ àti ìwọ̀n ni gbogbo èyí wà, kì í ṣe inú fídà.

Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé ìyá tí ó gbọ́dọ̀ lọ sí ọjà. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún obìnrin tí ó gba ìwé iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 12 ìsinmi, àti ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Ta ni yóò fún ẹni tí ń pàtẹ ata ní ọjà Bárígà? Bí a bá ní kí ó fi ọmú nìkan tọ́ ọmọ, kí a tún ràn án lọ́wọ́ láti gbé ọmọ náà sún mọ́ ọmú.

Mo padà lọ kí ìyá àgbà náà. Mo bi í pé, ta ni ó kọ́kọ́ fi omi ṣúgà sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu? Ó ronú títí, ó ní, "Nọ́ọ̀sì ni. Mo ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí wọ́n gbé e wá pẹ̀lú fídà." Mo wá ṣàlàyé fún un pé àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn ti fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ó ní, "Nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa, wọ́n wá wa. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó kù díẹ̀ káàtó, kí ló dé tí wọn kò padà wá sọ?" N kò ní èsì. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ṣùgbọ́n babaláwo tí ifá rẹ̀ bá yí padà gbọ́dọ̀ padà lọ sí ilé ẹni tí ó ti gba ti àkọ́kọ́ gbọ́.