Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá: Ọjọ́ Ọdún ni Jésù Kú, àbí Àìsùn Ọdún?

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ kíyè sí i pé òwe yìí kò pe onídàájọ́ náà ní òpùrọ́, kò sì pè é ní aláìgbọ́n. Òṣìkà ló pè é, ó sì tún fi àgbà kún un, nítorí wọn kì í gbé ẹjọ́ lọ síwájú ọmọdé. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ó gbọ́ èyí tó kọ́kọ́ dé etí rẹ̀, ó sì dìde nílẹ̀ kí ẹnì kejì tó la ẹnu.

Mo máa ń ro òwe yìí mọ́ ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ọdún Àjíǹde bá ti ń sún mọ́. Ẹlẹ́rìí mẹ́rin ló rojọ́ ikú Jésù fún wa. Àwa wá lọ ẹ̀rí wọn pọ̀ bí ẹni lọ ata mọ́ tòmátò, a kò mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wí mọ́. Lójú tèmi, ìkà ni ìyẹn náà, nítorí a kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni tán nínú wọn.

Mátíù, Máàkù àti Lúùkù ní oúnjẹ Ìrékọjá ni Jésù bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Òfin Mósè ní kí wọ́n pa ọ̀dọ́ àgùntàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Nísàn, kí wọ́n sì jẹ ẹ́ lóru. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ti pa ẹran kí Jésù tó jókòó ti oúnjẹ, ọjọ́ ọdún gan-an, Nísàn 15, ni wọ́n sì kàn án mọ́ àgbélébùú. Ti Jòhánù yàtọ̀. Ó ní kí àjọ tó bẹ̀rẹ̀ ni oúnjẹ náà wáyé. Ó ní nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn tó fa Jésù lọ sọ́dọ̀ Pílátù kò wọ inú ààfin, kí wọ́n má bàa di aláìmọ́, torí wọn kò tíì jẹ Ìrékọjá. Nísàn 14 ni ìyẹn, ọ̀sán tí wọ́n ń dúńbú àgùntàn nínú Tẹ́ḿpìlì. Josephus, òpìtàn Júù ayé ìgbà náà, kọ ọ́ pé láti wákàtí kẹsàn-án dé ìkọkànlá ni wọ́n fi ń pa á, bíi aago mẹ́ta sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tiwa. Wákàtí kẹsàn-án yìí kan náà ni Mátíù, Máàkù àti Lúùkù fún ikú Jésù.

Ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò lórí pé Ọjọ́ Ẹtì ni, pé Sábáàtì ni ọ̀la rẹ̀. Ohun tó kù ni pé, ṣé ọjọ́ ọdún ni Ọjọ́ Ẹtì náà, àbí àìsùn ọdún?

Ògùnpa ní Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ohun tó kọ́kọ́ là mí lóye. Ìyá aláṣọ kan, tí à ń pè ní Àlájà, wà níbẹ̀ tí mo ti ń bá rajà tipẹ́. Ó ní kí n wá síbi àdúrà ọkọ rẹ̀ tó di olóògbé. Ó ní, “Ọmọ mi, alẹ́ Jímọ̀ ni o. Má jẹ̀ẹ́ kí n wá ọ tì.” Mo múra, mo dé agbolé wọn lẹ́bàá Bẹẹrẹ nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́ Ẹtì ń ṣú. Wọ́n ti to àga ìháyà jọ sára ògiri, wọ́n ti fọ ìkòkò dojú dé. Àlájà wò mí títí. “Àná mà ni. Ṣé Jímọ̀ alẹ́ ni mo wí? Alẹ́ Jímọ̀ ni mo wí.” Bí oòrùn Àlàmísì bá ti wọ̀, Jímọ̀ ti wọlé lọ́dọ̀ wọn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn Júù ń ka ọjọ́. Oúnjẹ alẹ́, ìfọwọ́múni nínú ọgbà, ẹjọ́ níwájú Pílátù, àgbélébùú àti ìsìnkú, inú ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí. Àwọn kan rọ̀ mọ́ èyí, wọ́n ní ẹjọ́ ti parí: alẹ́ Nísàn 14 ni Jésù jẹun, ọ̀sán Nísàn 14 ló kú. Ìbá dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n Máàkù ní ọjọ́ tí wọ́n ń pa ẹran ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn béèrè ibi tí wọn yóò pèsè sí, ó ní wọ́n pèsè tán kí alẹ́ tó lẹ́. Kókó tó wà níbẹ̀ kò tíì tú, n kò sì ní fọwọ́ bò ó.

Ní ti pé ọjọ́ kẹta ni Jésù jíǹde, àwa Yorùbá kò yẹ kí a ṣe ìyọnu rárá. Bí òní bá jẹ́ Ọjọ́ Àìkú, kí ni à ń pe Ọjọ́ Ẹtì? Ìjẹta ni. Ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ a máa wọnú òǹkà wa, bó ṣe ń wọnú tiwọn.

Lọ́dún 1957, Annie Jaubert, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, mú àbá mìíràn wá. Ó ní kàlẹ́ńdà méjì ló wà nílẹ̀ Júù nígbà náà, pé Jésù lo èyí tí àwọn ará Qumran, ẹgbẹ́ Júù kan tó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, ń lò, pé alẹ́ Túsìdeè ló jẹ Ìrékọjá tirẹ̀. Ẹni tó bá gbé Ìbàdàn kò ní fi àbá yìí ṣẹ̀sín, nítorí a mọ ọdún tí ẹnìkan ń yan ẹran Ìtúnu Ààwẹ̀ tí aládùúgbò rẹ̀ ṣì ń gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oṣù. Ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí Ìhìnrere kankan ti sọ pé Jésù bá àwọn ará Qumran ka ọjọ́.

Àwọn tó ń gbèjà Nísàn 15 náà lẹ́nu ọ̀rọ̀. Wọ́n ní “ìpalẹ̀mọ́” tí Jòhánù kọ, orúkọ Ọjọ́ Ẹtì lásán ni. Àwọn ará Gíríìsì ṣì ń pe Ọjọ́ Ẹtì ní Paraskeví títí di òní. Òótọ́ ni. Wọ́n tún ní “jẹ Ìrékọjá” lè jẹ́ ẹran ẹbọ mìíràn láàárín ọjọ́ méje àjọ náà. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka Jòhánù láìní ẹjọ́ kan lọ́kàn, àgùntàn ni yóò rò.

Ní ti wákàtí, Máàkù ní wákàtí kẹta ni wọ́n kàn án mọ́gi. Jòhánù ní ó tó bíi wákàtí kẹfà tí Pílátù ṣì ń dájọ́. Kò sí aago lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ìkún omi odò Ògùnpa ká mọ́lé ní 31 August 1980 kò ní ka ìṣẹ́jú fún ẹ. Láàárín ìyálẹ̀ta sí ọ̀sán gangan, ẹlẹ́rìí méjì lè yà síra.

Jòhánù ni mo dá láre lórí ọjọ́, inú ìwé Máàkù fúnra rẹ̀ ni mo sì ti rí ẹ̀rí tó pọ̀ jù. Òun ló kọ ọ́ pé àwọn olórí àlùfáà ní kí wọ́n má ṣe mú Jésù lọ́jọ́ àjọ, kí ìlú má bàa dàrú. Òun ló kọ ọ́ pé Símónì ará Kírénè ń ti ìgbèríko bọ̀, bí ẹni pé kì í ṣe ọjọ́ ọdún. Nínú àpèjúwe oúnjẹ náà, ó dárúkọ àkàrà, ó dárúkọ ife, kò dárúkọ àgùntàn. Pọ́ọ̀lù, tó kọ̀wé ṣáájú gbogbo wọn, pe Kristi ní Ìrékọjá wa, ó sì pe òru oúnjẹ náà ní òru tí wọ́n fi í hàn, kò pè é ní òru Ìrékọjá. Ìṣirò òṣùpá tún gbe Jòhánù: láàárín ọdún tí Pílátù fi jẹ gómìnà, Nísàn 14 bọ́ sí Ọjọ́ Ẹtì ní 7 April ọdún 30 àti ní 3 April ọdún 33. Èmi gbà pé Jésù jẹ Ìrékọjá tirẹ̀ ṣáájú àkókò, nítorí ó mọ̀ pé òun kò ní sí láyé nígbà tí àwọn yòókù bá ń jẹ tiwọn.

Ẹ̀rí kan wà tí mo gbára lé ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ tẹ́lẹ̀. Máàkù ní Jósẹ́fù ará Arimatíà ra aṣọ ọ̀gbọ̀ láti fi di òkú Jésù. Ta ló ń tajà lọ́jọ́ ọdún? Mo gbé e lọ bá Àlájà nínú ìsọ̀ rẹ̀, mo ní bí ẹnìkan bá wá ra aṣọ lọ́jọ́ Iléyá ńkọ́? Ó ń ká aṣọ funfun lọ́wọ́, kò dúró.

“Lọ́jọ́ Iléyá? N kò ní ṣí ìsọ̀.” Ó gbé èyí tó ká tán sórí pẹpẹ. “Àfi tó bá jẹ́ aṣọ òkú. Bó bá wá kàn mí nílé, màá fún un. Tí ọdún bá kọjá, kó gbówó wá.”

Mo dákẹ́. Ohun tó wí kò jìnnà sí ohun tó wà nínú Míṣínà, ìwé òfin àwọn Júù: bí àìsùn Ìrékọjá bá bọ́ sí Sábáàtì, ẹni tó nílò àgùntàn lè fi aṣọ rẹ̀ dógò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí wọ́n ṣírò owó lẹ́yìn ọdún. Jósẹ́fù lè ti kan ilẹ̀kùn aláṣọ kan lọ́nà bẹ́ẹ̀. Mo ti yọ ẹ̀rí aṣọ kúrò lára ohun tí mo fi ń gbè sẹ́yìn Jòhánù, mo sì kọ ọ̀rọ̀ Àlájà sí etí ìwé Máàkù mi, níbi tí Jósẹ́fù ti ń ra aṣọ.