Kí Ni Àwọn Òyìnbó Ń Bọ Tẹ́lẹ̀?



Ní ọdún tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan na ọwọ́ sókè ní kíláàsì mi, ó ní: “Ọ̀gá, kí àwọn òyìnbó tó mọ Jésù, kí ni wọ́n ń bọ?” Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé n kò lè dá a lóhùn dáadáa. Ohun tí ilé-ìwé Faransé kọ́ mi nípa rẹ̀ kò ju ìlà mélòó kan lọ. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé.

Àwọn baba ńlá àwọn ará Jámánì, Danemark, Suède àti Norvège ní òrìṣà púpọ̀. Odin ni àgbà wọn, ọlọ́gbọ́n tí ó fi ojú rẹ̀ kan san owó omi tí ó mu nínú kànga ìmọ̀. Frey ni wọ́n ń bẹ̀ fún òjò àti irè oko. Thor ni alárá, òòlù sì ni ohun ìjà rẹ̀. Ọjọ́ tí a ń pè ní jeudi lédè Faransé, tí í ṣe ọjọ́ Jupiter àwọn ará Róòmù, torsdag ni wọ́n ń pè é ní Danemark títí di òní: ọjọ́ Thor. Ẹni tí ó bá mọ ọjọ́ Jàkúta kò ní bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti òkúta ni ó yà mí lẹ́nu jù. Bí àgbẹ̀ ilẹ̀ náà láyé àtijọ́ bá ń túlẹ̀, tí ó rí àáké òkúta, yóò ní àrá ni ó sọ ọ́ sílẹ̀, yóò gbé e sínú ilé kí àrá má baà jà níbẹ̀. Ẹdùn àrá gan-an! Wọn kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa, àwa náà kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn.

Blót ni wọ́n ń pe ìrúbọ wọn. Ìwé sọ pé wọ́n á pa ẹran, ẹṣin pàápàá, wọ́n á wọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ojúbọ àti sára àwọn tó pé jọ, wọ́n á se ẹran náà jẹ, wọ́n á sì mu ọtí ní orúkọ àwọn òrìṣà.

Islande ni ìtàn yìí ti dùn jù. Erékùṣù ni, ní àríwá ayé, níbi tí àwọn ará Norvège ti lọ tẹ̀dó láti nǹkan bí ọdún 870. Òfin wọn àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí ìwé wọn ti wí, sọ pé kí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n gbẹ́ orí ẹranko abàmì síwájú rẹ̀ yọ orí náà kúrò kí ó tó sún mọ́ èbúté, kí ó má baà dẹ́rùba àwọn ẹ̀mí ilẹ̀. Wọn kò kọ òfin sílẹ̀ nígbà náà. Wọ́n yan ẹnì kan tí ó mọ̀ ọ́n lórí, kí ó máa kà á sétí ìgbìmọ̀ gbogbo ìlú, ìdá kan nínú mẹ́ta lọ́dọọdún, títí yóò fi parí rẹ̀ lọ́dún kẹta.

Ní nǹkan bí ọdún 1000, ọba Norvège ń fi agbára mú wọn wọ ẹ̀sìn Kristi. Ìgbìmọ̀ pín sí méjì, ogun fẹ́ bẹ́. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lé Thorgeir lọ́wọ́, ẹni tí ń ka òfin, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ abọ̀rìṣà. Ó dùbúlẹ̀, ó fi aṣọ bo ara rẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ní òwúrọ̀, ó ní bí a bá fa òfin ya, a ó fa àlàáfíà ya. Kí gbogbo ènìyàn ṣe ìrìbọmi. Ẹni tí ó bá fẹ́ rúbọ, kí ó máa rú u ní ìkọ̀kọ̀; bí ẹlẹ́rìí bá rí i, ìjìyà dé. Láìpẹ́ ọdún, àyè ìkọ̀kọ̀ yẹn náà pa dé.

Ogun kò jà. N kò lè bá Thorgeir wí. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀, ta ni yóò kọ́ ọmọ rẹ̀?

Ó tó igba ọdún lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí 1220, kí Kristẹni kan tí ń jẹ́ Snorri Sturluson tó kọ ìtàn àwọn òrìṣà náà sínú ìwé Edda. Kì í ṣe nítorí ìbọ. Ewì àwọn baba wọn ni kò fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ akéwì má lóye mọ́. Akéwì lè pe wúrà ní irun Sif; ẹni tí kò bá gbọ́ pé Loki gé irun Sif, ìyàwó Thor, tí wọ́n sì fi wúrà rọ òmíràn fún un, kò ní mọ ohun tí wọ́n ń wí. Oríkì wa náà rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ìtàn kù. Àdúrà ojúbọ, díẹ̀ báyìí ni ó kù. Ohùn orin ọjọ́ ìrúbọ, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n mọ́.

Ní 1972, àgbẹ̀ kan tí ó tún jẹ́ akéwì, Sveinbjörn Beinteinsson, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti padà sí ẹ̀sìn náà, ìjọba sì fọwọ́ sí i ní 1973. Wọ́n ti ju 5,000 lọ lónìí. (Àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà kan ní Yúróòpù ń fi orúkọ àwọn òrìṣà wọ̀nyí ṣe ìwà burúkú, ẹgbẹ́ Islande yìí ti kọ̀ wọ́n ní gbangba.) Ìwé ni wọ́n fi ń wá ọ̀nà. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tí Snorri kò kọ, kò sí ìyá àgbà kankan tí wọ́n lè lọ bi.

Ibẹ̀ ni mo kà dé tí mo gbé ìwé sílẹ̀. Ìyá àgbà kan wà ládùúgbò wa tí ó mọ orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí àwọn ọmọ mi kò gbọ́ rí. Mo mú gègé àti ìwé lọ bá a lọ́jọ́ Sátidé. Mama ní kí n fi gègé sílẹ̀ ná, kí n kọ́kọ́ máa gbè é. Orin mẹ́ta péré ni mo tíì mọ̀.