Sẹ́ǹtì Àtijọ́ ti Amẹ́ríkà àti Ẹni Tí Ó Ṣe Òdiwọ̀n Rẹ̀

Bàbà ni wọ́n fi rọ sẹ́ǹtì àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Orúkọ tí àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ń pe bàbà náà ni a yá tí ó di kọ́bọ̀ lẹ́nu wa. Láti 1973, kọ́bọ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà, gẹ́gẹ́ bí sẹ́ǹtì ti jẹ́ sí dọ́là. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sẹ́ǹtì ni a fẹ́ yẹ̀ wò, pàápàá bí àwọn tí ń ṣa á jọ ṣe ń sọ pé ọ̀kan sàn ju èkejì lọ.

Ní 1793, ilé-iṣẹ́ ìjọba ní Filadẹ́fíà rọ sẹ́ǹtì 36,103 tí orí Òmìnira wà ní iwájú rẹ̀, tí ẹ̀wọ̀n olóókà 15 sì wà ní ẹ̀yìn. Ìṣọ̀kan àwọn ìpínlẹ̀ 15 ìgbà náà ni oókà wọ̀nyí dúró fún. Àwọn ènìyàn kò rí i bẹ́ẹ̀. Báwo ni Òmìnira yóò ṣe máa gbé ẹ̀wọ̀n kiri, ní ilẹ̀ tí a ti ń ra ẹrú? Ọdún náà kò tíì parí tí wọ́n fi yọ ẹ̀wọ̀n kúrò, tí wọ́n fi ewé rọ́pò rẹ̀. Sẹ́ǹtì ńlá náà wà títí di 1857, tí òfin fi sọ ọ́ di kékeré. Ìgbà tí ó ń kúrò lọ́jà gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi í pamọ́. (Oṣù Kọkànlá 2025 ni wọ́n rọ sẹ́ǹtì tí ó kẹ́yìn fún ìná.)

Ní 1949, William Sheldon, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, gbé òdiwọ̀n kan jáde, láti 1 dé 70. Ìdí tí ó fi dúró ní 70 ni pé, nígbà náà, sẹ́ǹtì 1794 tí kò lábàwọ́n rárá ń tó ìlọ́po 70 iye èyí tí a fi agbára káká dá mọ̀. Iye owó ni nọ́ńbà náà, kì í ṣe ìwọ̀n. Ọjà yí padà, nọ́ńbà kò yí, wọ́n sì ń lò ó fún gbogbo owó onírin títí di òní. Lójú tèmi, ó ń mú kí èrò ènìyàn dà bí ohun tí a fi òṣùwọ̀n wọ̀n.

Ohun tí ojú ń wò ni irun Òmìnira: ṣé ó ṣì yà fọ́nrán-fọ́nrán, àbí ó ti jẹ dànù? Àwọ̀ ńkọ́? Bàbà titun pọ́n. Bí ó bá pẹ́, a dúdú díẹ̀díẹ̀, èyí kì í sì í ṣe àbùkù. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé ni àbùkù. Ẹni tí ó bá fi omi kíkan fọ̀ ọ́ kí ó lè dán ti bà á jẹ́ pátápátá. Etí rẹ̀ ni à ń dì mú, nítorí òógùn ọwọ́ a máa jẹ bàbà. Ibi gbígbẹ ni à ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Sheldon kú ní 1977. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rí fi hàn pé ó ti mú ojúlówó sẹ́ǹtì nínú àpótí American Numismatic Society ní New York, tí ó sì fi èyí tí kò tó o rọ́pò. Àwọn kan ti tà dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Ní 1996, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Kalifọ́níà kò gbà pé ó ti pẹ́ jù fún ẹgbẹ́ náà láti béèrè ohun ìní rẹ̀. Àwòrán àtijọ́ ni wọ́n fi dá wọn mọ̀: ìhá kékeré àti àmì tí òdiwọ̀n Sheldon máa ń tìtorí rẹ̀ dín nọ́ńbà kù ni ó jẹ́rìí sí ẹni tí ó ni wọ́n.