Ọ̀nà Ìkòròdú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró ní Máìlì 12 ní ìdájí, tí ó ń wo bí àwọn tírélà ṣe ń já apẹ̀rẹ̀ tòmátì, ata àti àpò àlùbọ́sà tí ó ti Òkè Ọya wá, lè rò pé òwe náà ti di irọ́. Títì Ìkòròdú nìkan ni ojú rẹ̀ yóò rí.

Láti ìhà Jíbówú ni títì náà ti gba Fádèyí, Onípáànù, Maryland àti Ọjọ́ta kọjá kí ó tó dé Kétu àti Máìlì 12. Ó gba Owódé Onírin àti Májídùn wọ Ìkòròdú, ó sì forí lé Ṣágámù. Máìlì ni a fi ń ka ọ̀nà nígbà kan rí. A ti fi kìlómítà rọ́pò rẹ̀, síbẹ̀ orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu. Òun ni ọ̀pọ̀ èrò mọ̀, tí wọn kò sì mọ Ìkòsì tí wọ́n dúró lé lórí.

Kí mọ́tò tó dé, omi ni títì. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gba ọ̀sà kó ẹrù láàárín Èkó àti Ìkòròdú. Láti ibẹ̀ ni a ti ń fi orí ru ẹrù gba ilẹ̀ Rẹ́mọ lọ sí Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá di ọ̀nà yìí mú, ó di ìkòkò ọbẹ̀ ẹlòmíràn mú. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, ọmọ ogun tí Glover rán láti Èkó ni ó lé wọn ní 1865. Ní 1892, Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọn nítorí ọ̀nà yìí kan náà. A kò gbọdọ̀ dá Ìjẹ̀bú lẹ́bi kíákíá: bí ilẹ̀ ṣe jẹ́ oko fún àgbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà jẹ́ oko fún wọn.

Ọkọ̀ ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní 1901 gba Abẹ́òkúta, ó fi Ìkòròdú sílẹ̀. Títì ọkọ̀ ni ó dá ògo ọ̀nà náà padà. Títí di 1978 tí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn parí, Ìkòròdú àti Ṣágámù ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń gbà lọ sí Ìbàdàn. Ní 2008 ni bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ láti Máìlì 12 sí CMS. Ní 2015, wọ́n fa ọ̀nà rẹ̀ dé Ìkòròdú.

Ǹjẹ́ a ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń di ọ̀nà? Rárá o. Ní òpin oṣù Kejì 2021, lẹ́yìn ìjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù láti Òkè Ọya dáwọ́ ẹrù dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Kíá ni owó àlùbọ́sà gbẹ́nu sókè. Àwọn náà ní ẹ̀dùn ọkàn tiwọn, gẹ́gẹ́ bí Ìjẹ̀bú ayé àtijọ́.

Lójú tèmi, ìmọ̀ràn ni òwe àwọn àgbà, kì í ṣe ìròyìn lásán. Ìlú tí ó bá fi ọ̀nà kan ṣoṣo wọ ọjà, ó fi ọ̀fun ara rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọ̀sà ṣì wà níbẹ̀. Ìpakodò, èbúté Ìkòròdú, ṣì ń gba ọkọ̀. Kí a má ṣe gbàgbé títì tí ó ṣáájú títì.